Ìgò Inú Òkùnkùn

Nígbà tí Èyítọ́pẹ́ tú náílọ́ọ̀nù dúdú kúrò lára ìgò kejì, omi aró tó rọ sínú rẹ̀ láàárọ̀ ti mọ́ gaara. Ó yíjú wo ìgò kìíní, èyí tó ti wà nínú oòrùn láti aago mẹ́wàá. Òun náà mọ́ gaara. Kò yẹ kí ti inú òkùnkùn mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ju ìyẹn lọ.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti Ọláyọdé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fi ṣe ẹ̀tù tó wà nísàlẹ̀ ìgò méjèèjì. Títéníọ́ọ̀mù ni, irú ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ilé. Wọ́n pò ó mọ́ ajílẹ̀ yúríà, wọ́n yan án títí ó fi pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, kí oòrùn lásán lè fún un lágbára láti jẹ aró run nínú omi. Omi tí àwọn tó ń pa aṣọ láró ní Siluko Road ń dà sí gọ́tà ni wọ́n ní lọ́kàn, torí ó ń wọ kànga àwọn èèyàn. Ọláyọdé ló máa ń yan án. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló pa á, oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀tù tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ni Èyítọ́pẹ́ lò tán láàárọ̀ yìí.

Dókítà Jayéọlá, olùkọ́ wọn, ló bi í ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ṣé ẹ gbé ọ̀kan nínú ìgò yín sínú òkùnkùn rí?"

"Rárá, Sà."

"Láti ọdún mẹ́ta?"

Níbi tí iná ò ti ń lọ, inú àpótí ni wọ́n ti ń tan gílóòbù sí irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá pa á, òkùnkùn dé nìyẹn. Ní tiwọn, iná ìjọba ti dójú tì wọ́n títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá kó ìgò wọn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé oòrùn bí ẹni tó ń sá èlùbọ́. Ta ló ń sá èlùbọ́ tí yóò rántí kó díẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù?

Èyítọ́pẹ́ da omi inú ìgò méjèèjì nù, ó sì rọ sípírítì lé ẹ̀tù tó kù nísàlẹ̀. Ó mì wọ́n. Aró búlúù tú jáde lọ́tùn-ún, ó tú jáde lósì. Ẹ̀tù náà ò jẹ nǹkan kan run. Ńṣe ló kàn gbá aró mọ́ra, tí omi fi dà bí èyí tó mọ́. Oòrùn ò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì gbígbóná, ó sunkún, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti pa á mọ́ra.

Ibẹ̀ ni ìyá Ọláyọdé bá a. Orúnkún tó ń dun obìnrin náà ò jẹ́ kó tètè gòkè.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní òkè lo wà. Pásítọ̀ ní kí n mú ohun tí ọmọ mi ṣe wá ní kíkọ. Wọ́n fẹ́ kà á nínú ìsìn ìrántí rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣé o ti kọ ọ́?"

Ó rọrùn láti purọ́. Ta ni yóò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?

"Kò ṣiṣẹ́, Màmá. Àṣìṣe la ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà di irin àtẹ̀gùn mú.

"Ṣé òun mọ̀?"

"Rárá, Mà. Ó gbà pé ó ti ṣiṣẹ́."

"Ọpẹ́ ni." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú Èyítọ́pẹ́. "Kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ mi kì í parọ́."

Ó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Èyítọ́pẹ́ fi fóònù ya àwòrán aró náà. Ìka rẹ̀ ti tẹ orúkọ Ọláyọdé kó tó rántí. Láti ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tí ọ̀kan nínú wọn mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí tí èkejì ò mọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Eléyìí, nínú àwọn méjèèjì, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ti sin ín, ó ti wọ dúdú, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá kí i. Òní ló wá yé e pé Ọláyọdé ti kú.