Orúkọ Tó Kọjú Sílẹ̀

Bí Kaak Khazir ṣe gbé kápẹ́ẹ̀tì náà wọlé wá bá a níbi iṣẹ́, àyà Shaista já. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni bàbá arúgbó yìí, tí wọ́n ń pè ní Kaak nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, fi hun ún. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e kúrò lórí òfì.

"Ọmọ mi, mo ti ṣe é tán," ni bàbá wí. "Ìwọ lo mọ̀wé. Ka orúkọ Zoon tó wà láàárín rẹ̀ kí n gbọ́."

Zoon ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, ibà ló pa á nígbà òtútù èṣí. Kaak Khazir ò mọ̀wé. Àmì tálíìmù nìkan ló lè kà, ìyẹn bébà tó ń sọ fún ahunṣọ pé kó ta kókó pupa mẹ́ta, kó ta funfun méjì. Ní Sirinagar, ìlú wọn, ohun tí tálíìmù bá ti wí labẹ gé. Ahunṣọ kì í bá a jiyàn.

Iṣẹ́ tí Shaista fi ń yangàn ló kó o sí wàhálà. Olóògbé olùkọ́ rẹ̀ ló ṣe ètò tí wọ́n fi ń ya kápẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà, tó ń sọ àwòrán di tálíìmù. Ọgbọ̀n ọdún ni ètò náà fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tó ti ń kú lọ. Shaista ló gbà láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà ìgbàlódé. Ètò àtijọ́ ń ka ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí wọ́n ṣe ń hun kápẹ́ẹ̀tì gan-an; kọ̀ǹpútà tuntun ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Shaista tún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ṣe, ó gbàgbé bébà tálíìmù tó ń jáde.

Ìgbàgbé kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn o. Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ tó ń yìn ín, Shaista yọjú wo bébà àkọ́kọ́ tó jáde, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ti dòkè, pé tí wọ́n bá yí i padà, ọ̀tún á dòsì. Ó wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó panu mọ́. Ó ní òdòdó ò ní ọ̀tún, kò lósì, ta ni yóò mọ̀? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Lọ́sẹ̀ kejì ó yọ́ ètò náà tún ṣe. Ìgbà náà ló gbọ́ pé Kaak Khazir ni wọ́n fún ní bébà àkọ́kọ́ yẹn, pé orúkọ Zoon wà láàárín òdòdó rẹ̀, àti pé bàbá ò tíì ta kókó kan. Ó ní ọ̀la lòun á sọ. Ọ̀la ò tán.

Shaista tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Orúkọ náà wà láàárín, ó yí sódì bí ìwé tí wọ́n gbé síwájú dígí.

"Kaak, ẹ dákun. Kò ṣeé kà. Ẹ̀rọ mi ló kọ ọ́ sódì."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Rahti aládùúgbò mi sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ojú ẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì! Dúró ná." Ó yí kápẹ́ẹ̀tì padà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ẹ̀yìn ni àwa ahunṣọ máa ń wò. Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ó hàn kedere lẹ́yìn. "Zoon," ni Shaista kà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Tóò. Yàrá ẹ̀ ni mo máa tẹ́ ẹ sí. Orúkọ tó ṣeé kà á kọjú sílẹ̀. Inú ilẹ̀ náà kúkú ni Zoon wà. Má sunkún mọ́, jàre. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?"

Shaista ì bá dúpẹ́ kó jókòó. Àmọ́ àánú yẹn pọ̀ ju ohun tó lè gbé lọ.

"Kaak, mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Látìgbà wo?"

"Kẹ́ ẹ tó ta kókó àkọ́kọ́."

Bàbá ká kápẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, ó gbé e léjìká. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Oṣù mẹ́jọ," ó ní. "Àràárọ̀ lò ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, Shaista. Àràárọ̀ lò ń sọ pé, 'Kaak, ẹ kú iṣẹ́ o.'"