Nọ́ọ̀sì Lọ Sinmi

Ọkùnrin kan kò tilẹ̀ jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì gbé búrẹ́dì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó fa àga kan jáde nídìí tábìlì wọn, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, ó sì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè títí orúnkún rẹ̀ fi yọ síta, ó wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

"Ẹ kú àárọ̀, Nọ́ọ̀sì. Màmá ló ní kí n wá bá yín. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ kàn án wò. Bí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn, ńṣe ló ń dún kọ̀kọ̀kọ̀."

Nọ́ọ̀sì wo orúnkún náà, ó wo ẹyin díndín tó ti ń tutù nínú àwo rẹ̀, ó wá wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó ní òdìkejì tábìlì. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń fi ọjà àtàtà han oníbàárà.

"Ẹ má bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kó wò ó," ni Màmá wí. "Ọwọ́ ìyàwó mi yìí, òògùn ni. Ọdún méjìlá ló ti wà ní ọsibítù ńlá. Àwọn dókítà gan-an, òun ni wọ́n ń bi léèrè."

"Màmá, dókítà wo ló ń bi mí léèrè?"

"Ṣé o fẹ́ kí n máa dárúkọ wọn níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹun ni?"

Kí ni ì bá ṣe? Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún náà yíká. Ó ní kí ọkùnrin náà fi omi dídì lé e, kó dín àtẹ̀gùn gígùn kù, kó sì lọ rí dókítà bó bá padà sílé. Ọkùnrin náà dúpẹ́ títí. Ó ní òun á sọ fún ìyàwó òun kó wá, nítorí orí fífọ́ ni ti ìyẹn, kò sì jẹ́ kó sùn. Ẹni karùn-ún nìyí láti ìrọ̀lẹ́ àná tí wọ́n ti dé. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ya ẹnu fún un láti fi eyín tó jẹrà hàn án, kó tó di pé ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

Ilé ìtura náà wà láàárín oko, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí tí igi sì kún ọ̀tún òun òsì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà pé ti tẹbí tará ni. Àwọn ọmọdé ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn, àgbà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà òdòdó ni sípáà wà, ilé kékeré funfun kan tí wọ́n ti ń fi òróró wọ́ ara fún èèyàn títí gbogbo oríkèé á fi dẹ̀. Ọkọ Nọ́ọ̀sì ló ń tún àwọn ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ṣe. Nígbà tó bá wọn jí èyí tó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá dìde, inú ọ̀gá ilé ìtura náà dùn, ó ní kó kó ẹbí rẹ̀ wá lo òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ délé tayọ̀tayọ̀.

"Mọ́mì, ìwọ ni mo gbà á fún o. Wàá sùn, wàá jí, wọn á wọ́ ọ lára. O ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì máa fi ti ilẹ̀kùn ilé kó tó wọ ọkọ̀, Màmá ti wà ní ìjókòó iwájú, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti ń jà sí fèrèsé lẹ́yìn.

Agogo mẹ́wàá ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ní sípáà. Bó ṣe ń dìde nídìí oúnjẹ, ọkọ rẹ̀ yọ sí wọn, ó gbé àkàbà léjìká.

"Mọ́mì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ̀rọ yàrá kejìlá ń da omi. Ọ̀gá ní kí n kàn yọjú sí i."

"Dádì, ìsinmi la bá wá o."

"Mo mọ̀. Àmọ́ èèyàn ò lè máa jẹun lọ́dọ̀ ẹni, kó wá sọ pé òun ò lè yọjú." Kó tó sọ èyí tán, ó ti ń lọ.

Nọ́ọ̀sì mọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọkọ rẹ̀. Èèyàn lè fi se ẹ̀wà jinná. Ó kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìṣeré ọmọdé. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ àti ìwé kékeré kan: A ó ṣí ní agogo méjìlá. Ó fa àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó di sípáà.

Obìnrin tó ń wọ́ ara níbẹ̀ sanra díẹ̀, èékánná rẹ̀ sì kúrú. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó wo Nọ́ọ̀sì. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọdé ò gbọdọ̀ wọ ibí."

"Ṣebí ẹ kọ ọ́ síta pé ti tẹbí tará ni?"

"Òtẹ́ẹ̀lì ni ti tẹbí tará, mà. Sípáà kọ́."

Wọ́n sún un sí agogo mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì pe fóònù ọkọ rẹ̀ títí, kò gbé e. Nígbà tó dé yàrá kejìlá, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nìkan ló rí lórí àkàbà, ìyókù ti wọ inú àjà lọ.

"Dádì!"

"Mò ń bọ̀!" Ohùn náà dún bíi ti ẹni tó já sí kànga.

Ó kù Màmá. Ó bá a lábẹ́ agboòrùn létí omi. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti yí i ká, ó ń ròyìn ọjọ́ tí ìyàwó òun gbẹ̀bí nínú takisí fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí gidi ló gba ọmọ lọ́jọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì ni Nọ́ọ̀sì bá a dì mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn ọmọ fún wákàtí kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pè mí, mo bẹ̀ yín."

"Máa lọ, máa lọ. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Agogo mọ́kànlá lù, Nọ́ọ̀sì sì dùbúlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Yàrá náà tutù, òórùn òróró rẹ̀ ń tura, omi kan sì ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbì kan. Obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lẹ́yìn.

"Èjìká yín le bíi pákó, mà. Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ṣáà ni."

Obìnrin náà tẹra mọ́ iṣẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí iṣan gbé so kókó, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀. Mímí Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Kò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ilẹ̀kùn fi dún kọ́kọ́kọ́, tó sì ṣí láìdúró de ìdáhùn.

Màmá ni. Obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ méjèèjì, omi ń ro tótótó lára wọn.

"Ìyàwó mi, ìṣẹ́jú kan ni. Nǹkan sú sí ọmọ obìnrin yìí lára. Mo ti ní kó fọkàn balẹ̀ pé o wà níbí."

Nọ́ọ̀sì dìde jókòó, ó fi aṣọ ìnura bo àyà. Láti orí bẹ́ẹ̀dì náà, ojú rẹ̀ ti rí i pé ooru lásán ló sú sí ọmọ náà lára. Ohun tó bí i nínú jù nìyẹn: ó ní òun kò ṣiṣẹ́, ojú òun sì ti ń ṣe é. Ohun tó ti ń ká jọ sínú rẹ̀ láti àná bú jáde.

"Màmá! Ṣé èèyàn ò lè sinmi lọ́dọ̀ yín ni? Ṣé ọjà ni mí, tí ẹ fi ń kiri mi láti tábìlì dé tábìlì? Mi ò wo ọmọ ẹnikẹ́ni! Ẹ kó wọn jáde!"

Ẹyin lohùn, ìyẹn sì ti bọ́. Obìnrin ọlọ́mọ fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó ń sọ pé "Ẹ má bínú, mà, ẹ má bínú."  Màmá di ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ mú, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá sàn kó gbá a dé gbàgà.

"Ṣé kí n máa bá a lọ, mà?" ni obìnrin náà bi í.

"Ẹ dúró dè mí ná."

Ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì jáde láìwọ bàtà. Ó bá Màmá lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà òdòdó. Àwọn ọmọ ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú omi adágún kékeré kan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó sí etí bẹ́ǹṣì náà.

"Màmá, ẹ má bínú."

"Níwájú àlejò," ni Màmá wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Mo kúkú mọ̀ pé ẹnu mi kò dákẹ́. Àmọ́ ọdún mẹ́sàn-án rèé, o ò sọ̀rọ̀ sí mi bẹ́ẹ̀ rí."

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

"Màmá, èmi kọ́ ni mo tọrọ ìsinmi níbi iṣẹ́ tí mo sọ fún yín. Mátírọ́ọ̀nù ló ní kí n máa lọ sílé."

"Kí lo ṣe?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí a ò pọ̀ tó. Ọmọ ọdún méjì kan wà ní wọ́ọ̀dù wa. Mo fa òògùn rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́. Ìlà kan ló yẹ kí n fà. Ìlà mẹ́wàá ni mo fà. Ìyá rẹ̀ ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ti àná ò pọ̀ tó yìí o.' Mo wá wò ó. Màmá, ká ní obìnrin yẹn sùn lọ lórí ìjókòó ni…" 

Màmá yíjú sí i nísinsìnyí. "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà. Ara rẹ̀ ti yá, wọ́n ti lọ sílé."

"Ṣé ọkọ rẹ mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé òògùn ni ọwọ́ mi, òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú wá, bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ọmọ yẹn ni mò ń rí. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ju òkúta, ó balẹ̀ tó! nínú omi. Màmá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"O mọ̀ pé ọsibítù ni mo ti gbálẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnlélógún. Nínú gbogbo àwọn tó ń wọ funfun, ẹnì kan ò bi mí rí pé, 'Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?' Ilẹ̀ tí mo ń nù lọ́wọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí ọmọ mi mú ọ wálé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ, o gba àwo lọ́wọ́ mi, o lọ fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti rí èèyàn méjì tó dúró pọ̀, ẹnu ń yún mi. Mo rò pé mò ń gbé ọ ga ni. Mi ò mọ̀ pé ẹrù ni mò ń dì lé ọ lórí."

"Màmá, mi ò sọ pé…"

"Gbọ́ ná. Ara kì í ṣe irin. Irin pàápàá, ọkọ rẹ ń tún un ṣe lókè àjà lọ́hùn-ún." Màmá dìde, ó gbá ìdí aṣọ rẹ̀. "Ó yá, padà síbẹ̀ kí òróró yẹn tó gbẹ."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni mò ń kó wọn lọ. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, màá gbé àkàbà rẹ̀ sá lọ."

Nọ́ọ̀sì padà lọ dùbúlẹ̀. Obìnrin tó ń wọ́ ara náà da òróró tuntun sọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń wọ́ àga gẹ̀rẹ̀rẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìmí gígùn. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan dé.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ọkọ mi ní kí n wá, ẹni tó fi orúnkún hàn láàárọ̀. Ṣé Nọ́ọ̀sì wà nínú ilé?"

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Ìyàwó yín, mà."

"Ìyàwó mi kẹ̀? Aránṣọ ni."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé…"

"Ogbó ti dé, ọmọ mi. Mo máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Orí ń fọ́ ọ, àbí? Lọ mu omi dáadáa, kí o sì ní kí ọkọ rẹ dákẹ́ díẹ̀. Bí orí fífọ́ náà kò bá lọ, dókítà wà nílùú."

Obìnrin tó ń wọ́ ara náà ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Nọ́ọ̀sì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ló jáde lójú rẹ̀, ó ń kán sórí aṣọ ìnura tó dojú dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mátírọ́ọ̀nù fún un. Ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé lọ́jọ́ Ajé lòun máa padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni nílé má baà fura. Nísinsìnyí ó mọ̀ pé òun ò ní lọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, òun á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́sàn-án yìí náà, òun á sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ojú yòówù kó fi wo òun.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ fún obìnrin náà, "ẹ padà sí èjìká òsì. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù."