Àpótí Méjèèjì, Mẹ́jọ

Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé láti àárọ̀ tí rìsífà tuntun yẹn pa ara ẹ̀ mọ́ Kọ́kọ́rọ́ lójú, ọ̀sán ò sì tíì pọ́n. Bó bá tan án, á tàn. Iná búlúù á yọ lójú ẹ̀, àwọn èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n kó tó yí ohùn náà sókè débi tí etí á fi gbà á, pá, ó ti kú. Iná pupa kan á wá máa ṣẹ́jú sí i, bí ẹni pé òun gan-an ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ nǹkan yìí," ó sọ fún un, "kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ẹni tó bá ti ń bi irin ní ìbéèrè, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kúrò ní kèrémí.

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígé ló ń ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kọ́kọ́rọ́. Ogún ọdún ló ti fi ń yẹ ihò àgádágodo wò, tó sì ń mọ irú eyín tó máa wọ̀ ọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá jókòó sílẹ̀ pálọ̀ ara ẹ̀, kó máa làágùn nítorí pé ohun méjì ò bára mu, ó le. Kò sì bọ̀wọ̀ fún un rárá.

Ká ní nítorí fíìmù lásán ni, ì bá ti da aṣọ bò ó kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá mú bàbá wọn lọ. Ọdún kan àtààbọ̀ ni Bàbá ti ń gbé lọ́dọ̀ Kọ́kọ́rọ́. Káfíńtà ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́ wọn, ariwo ayùn iná ló sì jẹ etí wọn. Lọ́jọ́ Túsìdeé ni ẹ̀gbọ́n pè lórí fóònù.

"Bàbá ní àwọn kàn ń jókòó bí àlejò nílé ẹ ni. Wọ́n ní ẹ̀yin á máa gbọ́ ìròyìn, ẹ á máa rẹ́rìn-ín, àwọn á kàn máa wo ẹnu yín. Mo ti ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. N ó wá mú wọn ní Sátidé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kọ́kọ́rọ́ lákínyẹmí ara. Kò fẹ́ kí Bàbá lọ. Ó fẹ́ràn bàbá ẹ̀ dénú, ìtìjú sì tún wà níbẹ̀, kí àwọn èèyàn má lọ sọ pé kò lè tọ́jú ẹyọ bàbá kan. Ẹlòmíì tí wọ́n bá sọ irú ẹ̀ fún, á lọ jókòó ti bàbá ẹ̀, á ní, "Bàbá, kí ló dé?" Tiẹ̀ kọ́. Ìgboro ló gbà lọ. Ó lọ ra rìsífà, àpótí irin tí ohùn tẹlifíṣọ̀n ń gbà kọjá kó tó wọnú sípíkà, tó máa ń fún ohùn lágbára. Ó ní bí ilé bá ti lè dún, tí Bàbá bá ti lè gbọ́ ìròyìn, ọ̀rọ̀ lílọ á tán.

Kò ra sípíkà. Sípíkà wà nílẹ̀, ti Bàbá fúnra wọn. Àpótí onígi ńlá méjì tó ga dé ìbàdí èèyàn ni, tí Bàbá kàn lọ́wọ́ ara wọn láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ fún àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Wọ́n gbé wọn dání nígbà tí wọ́n ń kó bọ̀, ìyàwó Kọ́kọ́rọ́ sì gbé ìkòkò òdòdó lé wọn lórí láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà ni Bàbá lẹ páálí pélébé kan mọ́, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí i pé: *Àpótí méjèèjì, mẹ́jọ.*

Kọ́kọ́rọ́ mọ ohun tí mẹ́jọ ń wí. Gbogbo sípíkà ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní óòmù. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti kéré jù, sípíkà á máa fa iná ju ohun tí rìsífà lè gbé. Lẹ́yìn rìsífà yìí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé láti mẹ́fà títí dé mẹ́rìndínlógún lòun lè bá ṣe. Mẹ́jọ wà láàárín wọn. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù kó tó gbé e. "Mẹ́jọ ni tiwa." Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Wọ́n á bára mu bí ọmọ ìyá."

Ọmọ ìyá wo.

Ó tú gbogbo wáyà, ó tún orí wọn bó, ó yí wọn po, ó tún wọn dè. Rìsífà kú. Ó lọ ra wáyà tuntun, tó nípọn bí ìka ọwọ́. Rìsífà kú. Ó ní bóyá ooru ló ń mú un, ó gbé fáànù síwájú ẹ̀, fáànù ń fẹ́ sí irin lára nígbà tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn olówó ẹ̀. Atẹ́gùn gbà á dáadáa, ó sì tún kú. Ó ka ìwé ìlànà láti ojú ìwé kìíní títí dé ibi tí wọ́n ti ń fi èdè mìíràn sọ̀rọ̀.

Ló bá pe oníṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀rọ wa ò lẹ́jọ́," oníṣọ́ọ̀bù wí. "Àwọn sípíkà àtijọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kó wọn dànù, ẹ wá ra tuntun."

"Bàbá mi ló kàn wọ́n."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kó wọn dànù."

Kọ́kọ́rọ́ gé fóònù mọ́ ọn létí. Inú ń bí i débi pé kò mọ ibi tó ju síkúrúdíráfà sí, ó wá a títí, àṣé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé, jókòó nídìí tábìlì, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó ti ń wò ó láti àárọ̀. Ó wá gbé bírò sílẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin náà ẹ ò ṣe bi Bàbá?"

"Bi wọ́n ní kí ni?"

"Àwọn ló ṣe é. Inú yàrá tó kàn wá yìí ni wọ́n wà."

"Kí n tó pariwo kí wọ́n tó gbọ́, kí n tó tún pariwo, ẹ̀gbọ́n mi á ti dé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Ẹ mọ̀ ọ́n," ìyàwó wí, ó gbé bírò ẹ̀. "Gbogbo wa la ń rí i bẹ́ẹ̀."

Ó gbọ́, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá ń di ẹrù wọn ní tiwọn. Wọ́n jáde wá mú bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n padà. Wọ́n tún jáde wá mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó wà lórí okùn lẹ́yìn fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dúró lẹ́yìn ọmọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi awò ojú wọn wo ẹ̀yìn rìsífà pẹ́. Wọ́n ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ fi í lẹ̀, Bàbá," Kọ́kọ́rọ́ ju ọwọ́. "Ó ti fẹ́ parí."

Bàbá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ jíjù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi etí gbọ́. Wọ́n pa ẹnu wọn dé, wọ́n wọlé lọ.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta kọjá, ẹ̀ẹ̀kẹwàá ti pé. Kọ́kọ́rọ́ tan án, ó rọra yí i, ó rọra yí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ohùn ń gòkè. Ọkàn ẹ̀ náà ń gòkè. Pá.

Ó dìde, ó ta àpótí ọwọ́ ọ̀tún ní ìpá. Ìkòkò òdòdó mì, iyẹ̀pẹ̀ dà sílẹ̀. "Igi lásán-làsàn," ó wí. Bó ṣe yíjú, Bàbá ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, aṣọ tí wọ́n ń ká wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí bí etí wọn ṣe di tó, ojú wọn ń ríran ketekete. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọ wọn, wọ́n wo àpótí. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó ẹ̀ ò tiẹ̀ bá a wí, ìyẹn ló tún burú jù. Ó kàn tọ́ka sí ilẹ̀kùn pẹ̀lú bírò.

Kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn, ó rántí pé wọn ò lè gbọ́, ó ṣí i. Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó kúnlẹ̀ síwájú wọn kí wọ́n lè máa wo ẹnu òun, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ má bínú. Ìbínú ló gbé ẹsẹ̀ mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí."

"Kì í ṣe igi ẹlẹgẹ́, igi líle ni mo fi kàn án," Bàbá wí. "Kí lo fẹ́?"

Láti àárọ̀ tí Kọ́kọ́rọ́ ti ń bi oníṣọ́ọ̀bù, tó ń bi ìwé, tó ń bi irin, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa bi ẹni tó ni nǹkan. "Bàbá, mẹ́jọ lẹ kọ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rọ náà gba mẹ́jọ. Kí ló dé tó ń kú?"

"Kí ni mo kọ?"

"Àpótí méjèèjì, mẹ́jọ."

"Ṣé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni mo kọ?"

Kọ́kọ́rọ́ yíjú sí pálọ̀, síbi tí àpótí wà.

"Mo ní ṣé mẹ́jọ-mẹ́jọ lo kà níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Mẹ́jọ ni."

"Méjèèjì, mẹ́jọ. Méjèèjì pa pọ̀. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni?" Bàbá yọ awò ojú, wọ́n nù ún. "O wá so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Mẹ́rin lo fún un, ó ní mẹ́fà ló kéré jù fún òun. Ó ń pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ."

Láti pálọ̀, ìyàwó ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Yéè, èmi náà kà á! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò!"

Kọ́kọ́rọ́ ò rí ẹ̀rín rín. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Odindi ọjọ́ kan ló fi ń bá irin jà nítorí *mẹ́jọ* kan tí kò lékejì.

Bàbá ti dìde ní tiwọn. Ní pálọ̀, wọ́n jókòó lórí àga kékeré, wọ́n ń pàṣẹ, ọmọ wọn ń ṣe é. "Kí wáyà jáde lára ẹ̀rọ, kó wọ àkọ́kọ́. Kó jáde ní àkọ́kọ́, kó wọ ìkejì. Kó jáde ní ìkejì, kó padà sílé. Ọ̀nà kan ṣoṣo, tó gba ilé méjì kọjá. Báyìí ni mẹ́rin àti mẹ́rin ṣe ń di mẹ́jọ."

"Wọ́n á ti di ẹyọ kan nìyẹn, Bàbá. Ihò wo ni kí n wá kì í sí?" Kọ́kọ́rọ́ kígbe.

"Ihò wo ni ohùn èèyàn ń gbà jáde?"

Kọ́kọ́rọ́ wò ó. Ihò kan wà láàárín tí kò fọwọ́ kàn láti àárọ̀, torí ó ní sípíkà méjì ni òun ní, wọn ò pé mẹ́ta. Ibẹ̀ ni rìsífà máa ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tan án, ó yí i. Ó tún yí i. Kò kú. Obìnrin tó ń ka ìròyìn gba gbogbo pálọ̀ kan, ohùn ẹ̀ já geere láti inú àpótí méjèèjì, gíláàsì ojú fèrèsé sì ń gbọ̀n rìrì.

Bàbá tẹ ara síwájú. Wọ́n gbọ́ ìròyìn kan tán, wọ́n gbọ́ ìkejì.

"Ohùn ẹ̀ rèé?" wọ́n wí. "Ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń wo obìnrin yìí, tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rò pé ohùn ẹ̀ á jẹ́. Àṣé ó ki báyìí."

Inú Kọ́kọ́rọ́ dùn, ó wo ojú ìyàwó ẹ̀, ó wo aago. Márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ ti parí kí ẹ̀gbọ́n tó dé. Nígbà tí ìròyìn parí, Bàbá dìde, wọ́n wọ yàrá. Ó rò pé wọ́n fẹ́ lọ tú ẹrù ni. Ṣíìpù àpótí aṣọ ló gbọ́ tí wọ́n fà dé ìpẹ̀kun.

Wọ́n wọ́ ọ jáde. Kọ́kọ́rọ́ ò mọ̀gbà tó dìde lọ dúró síwájú wọn.

"Bàbá, ẹ ti ń gbọ́ báyìí. Ẹ tún fẹ́ lọ?"

Bàbá gbé àpótí aṣọ náà dúró. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ni," wọ́n wí. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ lọ? Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kí n máa bọ̀. Ìwọ ò ní kí n dúró."

Gbogbo ohun tí Kọ́kọ́rọ́ ti ń ṣe láti ọjọ́ Túsìdeé, ọ̀rọ̀ yẹn ló rò pé òun ń sọ.

"Ẹ dúró, Bàbá," ó wí, ó dorí kodò, ohùn ò jáde dáadáa.

Bàbá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Kí lo wí?"

Ìyàwó ẹ̀ nawọ́ mú rìmóòtù, ó pa obìnrin oníròyìn lẹ́nu mọ́. Kọ́kọ́rọ́ tún un sọ. Bàbá mirí, wọn ò gbọ́. Ó wá pariwo ẹ̀, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì òpópónà, ojú sì ń tì í bó ṣe ń pariwo ọ̀hún.

"Mo ní ẹ má lọ, Bàbá. Ẹ dúró tì mí."

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ kan dúró, wọ́n tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ti àpótí aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n padà jókòó.

"Lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n ẹ," wọ́n wí. "Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ ọ́ fún un."