Ọpẹ́ Níwájú Dókítà

"Ṣé ó ń dùn yín báyìí?" dókítà béèrè. Ó fi ọwọ́ kan di orúnkún obìnrin onídìrí kan mú, ó ń fi èkejì gbé ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Díẹ̀díẹ̀ ni," onídìrí dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Láti ìbàdí rẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná rán an bí aṣọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí òun àti ìrora náà ti jọ ń gbé, bí ayálégbé burúkú tí kì í kí onílé, tí kì í sì í kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá a jà. Ó kàn ń wo àjà, níbi tí ọ̀dà ti ń bó, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé dání.

Dókítà yìí kì í ṣe ará ọsibítù náà. Ìlú míì ló ti ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tí ìrora wọn kì í lọ, tí oògùn àwọn dókítà yòókù kò ràn. Ìwọ̀nba èèyàn tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ wọn le gan-an ló ń gbà, tí yóò sì máa tọ́jú fúnra rẹ̀. Ojú onídìrí ti rí nǹkan kó tó dé iwájú rẹ̀. Dókítà kan rán an sí òmíràn, òmíràn ní kó lọ sinmi, ẹnì kan tiẹ̀ ní ọjọ́ orí ni. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, ó ṣì ń retí kí wọ́n pè é.

Nígbà tí wọ́n wá pè é, ó wọ aṣọ tó dáa jù nínú àpótí, ó fi àtíkè díẹ̀ bo abẹ́ ojú. Dókítà ní ṣé ara le, ó ní ara le, a dúpẹ́. Oorun ńkọ́, à ń sùn. Iṣẹ́ ńkọ́, iṣẹ́ ń lọ. Bí ìgbà téèyàn bá ojúlùmọ̀ pàdé lójú títì ni. Ẹnu rẹ̀ ló ń dá sọ̀rọ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kì í gbé orí fún ẹni tó lejú koko. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́yìn àga, kéèyàn máa dirun, kó máa ṣẹ̀fẹ̀, kí itan máa gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Dókítà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní inú òun dùn pé ara rẹ̀ ń mókun. Ó ní kó máa lo oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì padà sọ́dọ̀ dókítà àkọ́kọ́, nítorí àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn pọ̀, àyè kò sì tó. Onídìrí ní ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín kò ní í bàjẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló ń bá a gbé láti ìgbà tí kò ti lè fọṣọ mọ́, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Onídìrí dúró níwájú rẹ̀, ó ròyìn bó ṣe lọ fún un, pẹrẹsẹ, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ta ló ní kó o dúpẹ́?"

"Wọ́n bi mí pé ṣé ara le ni."

"Tí iná bá ń jó ilé ẹ, wàá ní káwọn panápaná kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n mu omi tútù."

Obìnrin kan tó jókòó ti ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Onídìrí náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ó ní kí àwọn máa lọ sílé, oníbàárà kan ń bọ̀ lọ́sàn-án. Òun ṣáà ti ń gbé ìrora náà bọ̀, òun á máa gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n kò dìde. Ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ ẹ bi mí lánàá bóyá ìyá òun ò fẹ́ràn òun mọ́. Ó ní tóun bá ti fẹ́ dì mọ́ ẹ lẹ́yìn, o máa ń ti òun dànù."

Onídìrí gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìròyìn ilé onílé. Kò sunkún, kò bínú. Ó rántí bó ṣe máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà, tí yóò sì yára fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ẹ̀rín tó ń rín ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣẹ́ku èyí tí yóò mú délé.

"Mo sọ fún un pé ìbàdí ló ń dùn ẹ́," ẹ̀gbọ́n ní. "Ó ní irọ́ ni. Ó ní ìyá òun ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ara le."

Onídìrí yí padà, ó ṣí ilẹ̀kùn dókítà láìkànkùn. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ dí i lọ́nà, ó ní ẹlòmíràn ti wọlé, kó dúró di ìgbà tí dókítà bá tún wá. Lọ́jọ́ mìíràn, onídìrí ì bá ní kò burú. Kò kúrò níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà lórí àga, ó gbé ọ̀pá lé itan. Dókítà gbójú sókè.

"Irọ́ ni mo pa fún yín," onídìrí ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mi ò rí oorun sùn. Mi ò lè fọ aṣọ ara mi. Àga oníbàárà ni mo máa ń fara tì kí n má baà ṣubú. Ọmọ mi ò lè dì mọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

"Ẹ gbọ́ tiẹ̀ ná," bàbá arúgbó ní. "Irọ́ lèmi náà pa fún yín tí mo ní díẹ̀díẹ̀ ni."

Dókítà wo bàbá, ó wo onídìrí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Ó fa àga kejì sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ jókòó, mà."

Onídìrí wo àga náà. Ọpẹ́ ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò lè jókòó," ó ní.