Ẹlẹ́rìí Oṣù ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Mùstàfá gun àpáta ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí dé orí. Àwọn tó fẹ́ wo oṣù ààwẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀: Lèmọ́mù jókòó sórí ẹní, Ràsáàkì alápatà, ẹgbẹ́ Mùstàfá, sì dúró láàárín àwọn géńdé tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá Ajá-oṣù, o káàbọ̀ o!" Ràsáàkì pariwo. "Jọ̀ọ́, lọ́dún yìí, má fi ebi pa wá láìtọ́jọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mùstàfá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ni wọ́n ti máa ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu bí oṣù ààwẹ̀ bá fẹ́ lé. Lọ́dún tó kọjá ni nǹkan bàjẹ́. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, èéfín iná ìgbẹ́ dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìràwọ̀ tí à ń pè ní ajá-oṣù, èyí tó máa ń bá oṣù rìn nírọ̀lẹ́, tàn láàárín kùrukùru náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì fà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú àgbàlagbà. Mùstàfá kígbe pé oṣù ti lé. Ìlú jí jẹ sààrì, wọ́n fara da òùngbẹ dé ọ̀sán, kí ìròyìn tó dé láti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn pé kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, bó bá jẹ́rìí lórí ààlà oko pàápàá, wọ́n á bi í bóyá ojú tó fi rí ajá-oṣù ló fi rí i.

Rùkáyàt ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà nílé ìwé kan ní Ìsẹ́yìn, wá kí i nígbà ìtìjú náà.

"Bàbá mi," ó ní, "ohun tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré o. Ayé kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiwa yìí."

"Ayé kẹ̀? Ìràwọ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tí èèyàn bá lè dúró lọ́hùn-ún kó wo ibí, irú ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan náà ló máa rí. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ṣakí, òkun, títí dé Mẹ́kà, inú bíńtín yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà."

"Èmi àti Ràsáàkì ńkọ́?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, àti ẹnu Ràsáàkì."

Ọ̀rọ̀ náà bá a dé oko. Bó bá ń kọ ebè, á ṣíwọ́, á gbójú sókè. Ta ló máa rí ebè kan ṣoṣo láti ọ̀hún? Ó kọ́kọ́ bà á nínú jẹ́. Bí èèyàn bá kéré tó báyìí, kí ni iyì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀? Ó rò ó títí, ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó forí kanlẹ̀ láàárín ebè.

"Ọba tó na sánmọ̀ láìgbé e ka òpó," ó ní, "Ọba tó mọ ìràwọ̀ lórúkọ, tó sì mọ èèrà ìdí ebè mi, Ìwọ lo ní kí ẹni tó bá rí oṣù wá jẹ́rìí. O ti mọ̀ pé mo kéré kó o tó rán mi."

Ìgbà tó dìde ló ti pinnu pé òun á padà gun àpáta.

Lórí àpáta nírọ̀lẹ́ yìí, ajá-oṣù ló kọ́kọ́ yọ.

"Ẹ fọwọ́ bo Bàbá lójú o!" géńdé kan ní.

Mùstàfá wo ìràwọ̀ náà dáadáa, ó mọ̀ ọ́n, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ń wo ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí dé orí igi kaṣú. Ohun kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọnù, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Ó dijú, ó fi etí ẹ̀wù nu ojú, ó tún wò. Ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èéfín bò ó.

"Mo rí i," ó ní.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!" Ràsáàkì ní.

Lèmọ́mù dìde. "Bàbá Rùkáyàt, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ajá-oṣù nìyẹn lókè, gbogbo wa jọ ń wò ó. Oṣù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi Mùstàfá rí i, mo jẹ́rìí lórúkọ Ọlọ́run."

Àwọn géńdé yẹ fóònù wò; kò tíì sí ìròyìn. Lèmọ́mù fọwọ́ ra tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Nítorí ti èṣí, a máa dúró de ìròyìn Ṣakí."

"Ẹ dúró dè é, kò burú. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ti di dandan fún ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí oṣù. Èmi ń gbààwẹ̀ lọ́la."

"Ìwọ nìkan?" Ràsáàkì ní. "Bó bá tún jẹ́ ajá ńkọ́?"

"Kó o wá fi mí rẹ́rìn-ín. O ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mùstàfá kírun mọ̀gàríbì pẹ̀lú wọn, ó sì gba ilé lọ.

Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Rùkáyàt, ṣé wọ́n gbà yín gbọ́?"

"Wọn ò tíì gbà. Ṣa ẹ̀wà sílẹ̀ fún sààrì."

"Ti ẹni mélòó?"

"Tèmi nìkan."

Àdìjátù bu ẹ̀wà sórí atẹ. Ó wo ìwọ̀ oòrùn, èéfín nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó tún bu ti ẹnì kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.