Ẹsẹ̀ Òsì Crispín

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn bú u. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, láàárín oko ìrèké, ọkùnrin tó bá ń sá fún bọ́ọ̀lù kì í gbayì, Crispín Peguero sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn òyìnbó kan fẹ́ mú un lọ sí òkèèrè kó máa jẹun nídìí besibọ́ọ̀lù, eré tí a ń fi igi lu bọ́ọ̀lù. Ó kù díẹ̀ kó lọ ni bọ́ọ̀lù kan bà á lójú, tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọ́. Egungun náà jinná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sí i, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, èyí tó yẹ kó gbé síwájú, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sá wọlé. Kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ń yà kò lè lu bọ́ọ̀lù. Àwọn òyìnbó náà ní kó máa lọ sílé.

Ó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Ó fẹ́ Nurys, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Yaneris. Nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó kọjá, Nurys kú. Crispín kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun kan tí kò fi sílẹ̀ ni vitilla, eré òpópónà tí a máa ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ lu ìdérí ìgò. Ìdérí ìgò kò lè fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó máa ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ nínú afẹ́fẹ́ ju bọ́ọ̀lù èyíkéyìí lọ, síbẹ̀ Crispín kì í sábà tàsé rẹ̀. Ní ọ̀sán Sunday kan, Don Eligio, tó ń darí ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù ìlú, dúró wò ó títí kọfí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lu bọ́ọ̀lù fún un ti ṣẹ́ lọ́wọ́, àṣekágbá sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò lọ ṣeré ní pápá ńlá ní olú ìlú.

"Crispín, wá bá mi lu bọ́ọ̀lù."

"Ẹ̀yin náà mọ ẹsẹ̀ mi, Don Eligio."

"Ìwọ ni mo pè, n ò pe ẹsẹ̀ rẹ. Bó bá wù ọ́, fi í sílẹ̀ nílé."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Crispín ti gbà kó tó mọ̀ pé òun gbà. Ní alẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún tí Yaneris gbé síwájú rẹ̀ dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ara òun yá.

Níbi ìgbaradì, Don Eligio gbé igi kan sílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kó lè máa kọsẹ̀ bó bá yà. Crispín kọsẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kúkú wá okùn tí wọ́n fi ń so akọ màlúù. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìṣubú náà ń dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò dín.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Dauri ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kan wà tó máa ń dorí kọ ojú èèyàn tààrà, á wá tẹ̀, á já wálẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀. Ẹni tó bá dúró lè lù ú. Ẹni tó bá sá ti kùnà. Nígbà kìíní tí Crispín jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, ó sì kùnà. Nígbà kejì, bákan náà. Radhamés, ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀, rọra fọhùn láti abẹ́ ìbòjú irin rẹ̀.

"Àgbà, ibo lẹsẹ̀ yín ń lọ? Ṣé ẹ gbé ìkòkò ka iná wá ni?"

Nígbà tí ìpele ìkẹyìn dé, àmì àyò dọ́gba. Àwọn ará ìlú wa mẹ́ta ti wà lórí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ibùdó tí eléré ń sáré gbà kó tó wọlé jẹ àyò. Bí ẹni kan péré bá tún kùnà, ìpele wa parí, Crispín ló sì kàn. Apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa ti kú tán. Bí eré náà kò bá parí níbẹ̀, a ó pàdánù rẹ̀.

Crispín gbé igi tó fi ń lu bọ́ọ̀lù kọ́ èjìká. Ó rìn padà lọ bá Don Eligio. Ó ń retí kí ó pe ẹlòmíràn.

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Mo mọ̀. Mo bi ọ́ ni? Bọ́ọ̀lù ni mo ní kó o lọ lù."

Ó padà lọ dúró. Bọ́ọ̀lù kìíní dorí kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ní kó sá. Kò sá. Bọ́ọ̀lù tẹ̀, ó já wálẹ̀, rẹfirí sì kà á sí i lọ́rùn; bó bá pé mẹ́ta, ó kùnà nìyẹn. Ó wo ilẹ̀: ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà níbi tó fi sí. Ó lu èkejì, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ẹ̀kẹta gbéra. Crispín ń retí kó tẹ̀, kò tẹ̀. Ohun tí gbogbo ọmọ ìlú wa máa ń kọ́ kó tó mọ̀wé ni pé, bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ wá bá ọ, má ṣe sá sẹ́yìn, nítorí ẹni tó sá sẹ́yìn ti fi ojú sílẹ̀ fún un. Ńṣe ni kó o kọ ẹ̀yìn sí i. Crispín gbàgbé èyí lọ́jọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ẹsẹ̀ òsì múlẹ̀, ó tẹrí ba, ó kọ ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù dún gbì lábẹ́ èjìká rẹ̀. Èémí rẹ̀ já.

Rẹfirí nàka sí béèsì kìíní. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà yóò rìn lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó wà ní béèsì kẹta yóò sì rìn wọlé. Àyò ìṣẹ́gun nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa kò ní sùúrù. Wọ́n rọ́ wọ pápá, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n fẹ́ gbé e sọ́rùn, nígbà tí kò tíì dé béèsì náà. Crispín rí Radhamés láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ Crispín nìkan. Bí kò bá fẹsẹ̀ kan béèsì náà, àyò kò jẹ́ àyò. Jìnnìjìnnì tún bò ó.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni ó ń wí. "Ẹ jẹ́ n débẹ̀ ná."

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì wọ́n, ó já ara rẹ̀ gbà, aṣọ rẹ̀ ya léjìká. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun béèsì, ó sì dúró síbẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun kúrò títí rẹfirí fi mi orí.

Don Eligio rìn wá, ó bi í bóyá ó dùn ún.

"Ó dùn mí gan-an, sà," ni Crispín wí. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí àgbà náà kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa gbọ́. "Àwọn ti olú ìlú yẹn ńkọ́? Báwo ni apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ṣe yá tó?"