Eéfín Tí Kò Jáde

"A ti ti ilẹ̀kùn, sà."

Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà náà kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn gíláàsì tó ga bí ilé alájà méjì, bàálù náà ṣì wà níbẹ̀ gbangba, ó funfun kinkin, iná etí ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọ̀gá ilé-ìwé nawọ́ sí i bí ẹni tó ń nawọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn lẹ́yìn kíláàsì.

"Ṣebí òun nìyẹn. Kò tíì lọ."

"Kò tíì lọ, sà. Ṣùgbọ́n a ti ti ilẹ̀kùn."

Ojú wọn báyìí ni bàálù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbàlagbà tó ń yọ́ kúrò níbi tí wọ́n ti ń jà. Ọmọ ọdún méje tó di ẹ̀yìn kóòtù bàbá rẹ̀ mú kò sọ nǹkan kan. Èyí ló burú jù. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹjọ́ wẹ́wẹ́, tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu ẹni, ó kàn ń wo bàálù náà bó ṣe ń yí imú padà.

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí ti fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọdún mọ́kànlá náà ló sì fi ń ti géètì fúnra rẹ̀. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ géérégé. O lè jẹ́ ọmọ olówó, o lè jẹ́ ọmọ olùkọ́, kò kàn án. Ọjọ́ kan wà tó ti géètì mọ́ igbákejì rẹ̀ síta, tí obìnrin náà dúró sínú òjò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, tí ó ń bá wọn jọ gbọ̀n. Aago ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀. A máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju oyè lọ. Kọ́kọ́rọ́ géètì ọ̀hún kì í kúrò lápò rẹ̀. Níbi tó dúró sí yìí, ọ̀nà wákàtí márùn-ún sí ilé-ìwé, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló wà.

Aago náà ló wá pẹ́ yìí.

Kì í ṣe pé ó pẹ́ dé o. Ó ku wákàtí mẹ́ta gbáko kí bàálù gbéra tí wọ́n ti dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ níwèé nígbà kan rí rí i níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Ọmọ náà ti di ẹni tó ń mójú tó yàrá ìsinmi àwọn èèyàn pàtàkì, ó sì fi dandan lé e pé irú ọ̀gá òun kọ́ ló yẹ kó jókòó sórí àga onírin láàárín èrò. Ó kó wọn wọ yàrá kan tí àga rẹ̀ rọ̀ bíi òwú, tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn ẹni tó ń pe èrò síbi bàálù kì í dé ibẹ̀. Ó tún lọ mú àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá, ó ní kí wọ́n wá wo ẹni tó sọ òun dèèyàn.

Orí ta ni kò ní wú? Ọ̀gá ilé-ìwé tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì gbẹ́nu lé ìtàn bó ṣe bá ilé-ìwé náà nílẹ̀, tí fèrèsé fọ́, tí ewúrẹ́ ń sùn nínú ilé ìkàwé, àti bó ṣe sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ìtàn náà gùn. Ó ní ibi mẹ́ta tó yẹ kí èèyàn ti rẹ́rìn-ín, a sì máa dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rín náà á fi parí.

Níbi kejì ni ọmọ náà ti fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀. "Dádì, ọwọ́ gígùn ti dé orí mẹ́rin." Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo aago. Ó rọra fọwọ́ pa á lórí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Níbi kẹta, ọmọ náà tún fà á.

"Dádì, àsìkò ti tó."

"Ìyá Àgbà," ó ní, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ, "ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Wọn ò lè fi irú wa sílẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ara ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọmọ náà ni wọ́n ń lọ wò. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ó sì ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí ọmọ rẹ̀ ti fojú kàn án kẹ́yìn, àfi lójú fóònù. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún un láàyè: Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà ti fi ń ya káàdì tó máa fún un, bàálù kan tó ní fèrèsé mẹ́ta, tí dádì, mọ́mì àti òun ń yọjú níbẹ̀. Ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà wá sọ pé bàálù tó kàn tí àyè wà nínú rẹ̀ á gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọ̀la. Ọjọ́ kan ti lọ nínú méjì nìyẹn.

Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sẹ́nu rẹ̀ ni ó ti gbọ́ rí lẹ́nu àwọn òbí, níta géètì. Ó ní òun fẹ́ rí ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn wá, ó sọ ohun kan náà, ó kàn fi ẹ̀rín músẹ́ kún un ni. Bàbá padà sí yàrá àwọn èèyàn pàtàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ṣíwọ́, ó ti lọ sílé, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì bi í pé ta ni wọ́n ń wá. Ilé ìtura òdìkejì ọ̀nà ti kún. Ọ̀nà ilé kò ṣeé rìn lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n bá jókòó sórí àga onírin láàárín èrò.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni fóònù dún. Aya rẹ̀ ni.

Ó ti pinnu pé òun á sọ òótọ́. Ọjọ́ Ajé gbogbo ló ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

"Bàálù ló bàjẹ́, mọ́mì. Wọ́n ní ó di ọ̀la."

Aya rẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ó gbọ́ agogo kan lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ohùn mẹ́ta, ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbọ́ àwọn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń yí gbirigbiri lórí táìsì. Ibùsùn àwọn aláìsàn nìyẹn, ó sọ nínú ara rẹ̀. Aya rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun á wà lẹ́nu iṣẹ́ di aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n wọ takisí wálé. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í ráyè bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ó bàjẹ́?" ni aya rẹ̀ wí.

"Ó bàjẹ́."

"Ẹ fún mi lọ́mọ mi."

Ìyá Àgbà gba fóònù. Ó kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀, ìwò kan ṣoṣo, kò pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́mì, ó bàjẹ́. Mo fojú mi rí i. Eéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan gbé àkàsọ̀ wá. Ọ̀kan wọ bàtà òjò."

Bàtà òjò yẹn ló mú òógùn tútù bo ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ti gbọ́ irọ́ bí ẹgbẹ̀rún kan lẹ́nu géètì, ó sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè rú eéfín jáde. Ẹni tó bá wọ bàtà fún irọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò jọ pé ọ̀rọ̀ ti irọ́ ni wọ́n ń sọ. Irọ́ tirẹ̀ ni àkísà. Ti ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ télọ̀ dé ni.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ dé òpin. Ó wá ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi ní láti tẹ etí sí i: "Ọlọ́run ṣeun tí ẹ ò wọ̀ ọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Bàbá ra mílíìkì àti bisikíìtì. Nígbà tí ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó gbìyànjú láti sọ fún un pé eéfín yẹn ti pọ̀ jù.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó bàjẹ́," ni ọmọ náà wí, kò bínú. "Nǹkan tó bá bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ṣe é."

Obìnrin kan tó ń nulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́sẹ̀ sókè, ó sì bi ọmọ náà pé kí ló mú un jókòó síbí ní irú àkókò yìí. Ìyá Àgbà tún ṣàlàyé. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ ìyẹ́ ni eéfín ti jáde, àwọn tó wọ bàtà òjò sì ti di méjì. Obìnrin náà fara ti igi ìnulẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó wá wo ọ̀gá ilé-ìwé láti bàtà dé táì.

"Ti ìrọ̀lẹ́ yìí? Ó mà ṣe o. Àwa tá à ń nulẹ̀, a kì í rí ohun tó wà lókè."

Ó lọ mú súẹ́tà ara rẹ̀ wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi bo ọmọ náà, ó sì ń nulẹ̀ lọ. Ì bá ti sàn kó bú u.

Ọmọ náà sùn sórí itan rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ inú àpò ń gún un létí, ó ń yí orí kiri. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó wò ó, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó jù ú sínú àpò ẹrù, sábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀. Títí oorun fi gbé e lọ, ẹnu géètì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó bá pẹ́. A máa jẹ́ kí wọ́n rò ó dé òpin, táyà tó bẹ́, ìyá tó ń ṣàìsàn, kó tó wá ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́," tí á sì yí kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó lajú, ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Àgbà ti jí, káàdì wà lórí eékún rẹ̀, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eéfín ti gba ìdí bàálù náà títí dé igun òkè káàdì. Ó tẹ pẹ́ńsùlù náà gan-an ni.

"Dádì, ṣé ìdí rẹ̀ la máa ní eéfín náà ti jáde ni, àbí abẹ́ ìyẹ́? Mo sọ ìdí fún mọ́mì, ṣùgbọ́n abẹ́ ìyẹ́ ni mo sọ fún màmá tó ń nulẹ̀. Kó má lọ di pé ọ̀rọ̀ wa ò bára mu."

Ọ̀rọ̀ wa.

Ó ṣì ń wá ohun tó máa sọ nígbà tí ilẹ̀kùn ńlá apá ọ̀tún wọn ṣí. Bàálù àkọ́kọ́ lóòjọ́ ti balẹ̀. Agogo kan dún lókè orí wọn, ohùn mẹ́ta, ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀. Ohùn obìnrin kan kí àwọn èrò káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lórí táìsì.

Bàbá gbójú sókè sí ibi tí agogo náà ti dún.

Kò sí ilé ìwòsàn tó ń lu irú agogo yẹn. Aya rẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lánàá. Ẹnu ilẹ̀kùn bí irú èyí ló dúró sí lọ́hùn-ún, bàálù tó bàjẹ́ náà ti balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú rẹ̀, èrò inú rẹ̀ ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ti ẹrù wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun sì ń bi í pé, "Ó bàjẹ́?" Ó jẹ́ kí bàbá àti ọmọ rò ó dé òpin. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Tirẹ̀ ni. Ohun tí kò bá a mu níbẹ̀ ni pé aya rẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò ti nǹkan kan.

Ó tẹ fóònù. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí aya rẹ̀ fi gbé e.

"Ṣé ọmọ ti jí?"

"Ó ti jí. Mọ́mì, níbo lo wà lánàá nígbà tí o pè?"

"Mo bẹ ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ kó bá mi dúró," ó ní. "Mo fẹ́ kí ọmọ bá mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ọmọ náà di pẹ́ńsùlù mú, ó ń retí kí wọ́n sọ fún òun bóyá ìdí ni tàbí ìyẹ́. Bàbá rẹ̀ tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde síta, ó sì gbé e sórí àga láàárín àwọn méjèèjì.

"Ọmọ yìí sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé àsìkò ti tó," ó ní. "Mi ò dá a lóhùn. Nǹkan kan kò ṣe bàálù náà."

Ìyá Àgbà wo fóònù, ó wo bàbá rẹ̀. Ó wá yí pẹ́ńsùlù náà padà sí ìdí rẹ̀ tó ní rọ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa eéfín náà rẹ́ láti apá ìdí bàálù lọ sókè. Kò tán. Ó fẹ̀ ni, ó rí bàìbàì bí ìkùukùu. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì bá a di etí káàdì náà mú, kó má baà ya.